Ọ̀pá Tí Wọ́n Fi Wọn Màmá Lucien

Bí Màmá Lucien bá fẹ́ ra àgbàdo ní ọjà Ikpinlè, wọn kì í wo èyí tó wà lókè. Apá wọn ni wọ́n máa ń tì bọ inú àpò títí dé ìgúnpá, kí wọ́n lè bu èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá wá síta. Wọ́n á gbọ́ òórùn rẹ̀. Wọ́n á fi eyín fọ́ hóró kan. Ẹni tó ń tà á kò ní bínú, torí gbogbo ọjà ló mọ̀ wọ́n. Á kàn ní, "Màmá, ṣé ó dáa?" Wọ́n á dáhùn pé, "Ó dáa lónìí. Mi ò mọ èyí tí o máa gbé wá lọ́jọ́ mìíì."

Bí wọ́n ṣe rí nìyẹn. Omi tí àwọn fúnra wọn pọn, wọ́n á gbọ́ òórùn rẹ̀ kí wọ́n tó mu ún. Ata tí ẹlòmíì bá lọ̀, kò ní wọ inú ọbẹ̀ wọn láéláé. Ọkọ mi, tó jẹ́ ọmọ àbúrò ọkọ wọn, máa ń sọ pé bí áńgẹ́lì bá kan ilẹ̀kùn Màmá, wọ́n á kọ́kọ́ bi í pé ta ló rán an. Èmi Ìbídùn ni mo ń bá wọn gbé, èmi ni mo ń bá wọn dáná, n kò sì ní parọ́ mọ́ wọn: ọ̀làwọ́ ni wọ́n. Kò sí ẹni tí ebi ń pa tó yà sílé wa ní Adja-Ouèrè tí kò ní rí oúnjẹ jẹ. Wọ́n kàn máa ń wo ẹnu onítọ̀hún bó ṣe ń jẹ ẹ́ ni.

Moyọ̀sọ́lá ni orúkọ wọn. Tatonnonkon ni wọ́n ti bí wọn, ibẹ̀ náà ni ọkọ wọn, Bàbá Fábíyì, ti lọ fẹ́ wọn wá nígbà tí wọ́n ṣì kéré. Bàbá Fábíyì ń ra èkùrọ́ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, ó ń tà á fún àwọn òyìnbó. Lásìkò tí àwọn Faransé ń palẹ̀ mọ́ láti lọ ni ó parí ilé tí a ń gbé yìí. Ẹ bá mi wo ilé yẹn lójú ọ̀nà lọ́jọ́ kan. Sìmẹ́ńtì pupa ló wà nílẹ̀, ó ń dán bí ìgbà tí wọ́n fi epo pa á. Fèrèsé rẹ̀ jẹ́ pákó wẹ́wẹ́ tí wọ́n tò léra bí egungun ìhà. Lókè ògiri, wọ́n gbẹ́ ihò bí òdòdó kí atẹ́gùn lè máa wọlé. Ilé tó lẹ́wà ni. Ṣùgbọ́n láyé ìgbà náà, ta ló ń dáná nínú ilé? Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n kọ́ ilé ìdáná sí, ó kéré, ó kúrú, ààrò rẹ̀ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Màmá ga. Nídìí ààrò yẹn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ìgbà ìyàwó, wọ́n ń se oúnjẹ fún àwọn tó ń ru èkùrọ́ wá, fún àwọn ẹbí ọkọ, fún àwọn ará ìjọ. Ibẹ̀ ni ẹ̀yìn wọn tẹ̀ sí. Nígbà tí mo wọlé yẹn bí ìyàwó, mo rò pé bí Ọlọ́run ṣe dá wọn nìyẹn.

Ní àsìkò òjò ìdúnta, Màmá ń gbé ìkòkò ẹ̀kọ gbígbóná bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, ni ẹsẹ̀ wọn bá yọ̀ nínú ẹrẹ̀. Orúnkún wọn wú. Lucien, ọmọ wọn kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Kùtọnu, sáré wá. Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká gbé ìdáná wọ inú ilé. Yàrá tí Pàpá ń kó èkùrọ́ sí ṣófo. Ẹ jẹ́ ká lu ògiri rẹ̀ díẹ̀, kí omi wọ ibẹ̀, kí wọ́n fi pákó ṣe é dáadáa."

Màmá ní, "Ògiri tí bàbá rẹ mọ, ìwọ fẹ́ lù ú? Kí ni mo ṣe fún ọ?"

Nígbà Kérésìmesì ó tún dá a lábàá. Wọ́n tún kọ̀. Láti ìgbà náà, kò sọ̀rọ̀ ìdáná mọ́. Ó dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni Màmá kò gbádùn. Wọ́n á ní, "Ọmọ yẹn kò bá mi jiyàn mọ́. Ìbídùn, kí ló ń rò?"

Lẹ́yìn Àjíǹde ni Ògúntóyè káfíńtà dé. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójú ọ̀nà Oko-Akarè. Ó ń kan ibùsùn, ó ń kan ilẹ̀kùn, àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, pósí ló ń bọ́ ilé rẹ̀. Iṣẹ́ bàbá rẹ̀ náà nìyẹn. Bàbá rẹ̀ ló kan pósí Bàbá Fábíyì. Nínú ìdílé wọn, wọn kì í fi mítà wọn òkú. Ọ̀pá ọparun ni wọ́n máa ń gé. Wọ́n á tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ olóògbé, wọ́n á fi ọ̀bẹ sàmì sí ibi orí, wọ́n á sàmì sí èjìká, wọ́n á sàmì sí ẹsẹ̀. Ọ̀pá náà kì í padà sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ó ń bá olóògbé wọ ilẹ̀ ni. Màmá jókòó ti ọkọ wọn nígbà tí wọ́n ń wọ̀n ọ́n, wọ́n rí gbogbo rẹ̀.

Ṣé ẹ wá mọ ìdí tí ojú wọn fi yí padà nígbà tí ọmọ oníṣẹ́ yẹn gbé ìdì ọ̀pá ọparun wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa.

"Ẹ kú ilé o, Màmá. Ẹ̀gbọ́n Lucien ló ní kí n wá wo fèrèsé."

"Ó ti pẹ́ tí fèrèsé ti bàjẹ́. Kí ló dé tó jẹ́ ìsinsìnyí ni Lucien rántí ẹ̀?"

"Ikán ni, Màmá. Ikán kì í sinmi."

"Lucien ò gbé níbí. Ta ló sọ fún un pé ikán wà?"

Ògúntóyè wò mí. Èmi wo ewúrẹ́.

Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò wo fèrèsé pẹ́ lọ títí. Yàrá èkùrọ́ ló wọ̀, ó ń gbé ọ̀pá ti ògiri kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ọ̀bẹ sàmì sí i. Mo bi í pé ṣé kò ní mítà ni.

Ó ní, "Ìyàwó, ògiri ilé àtijọ́ kì í gún. Ibí yọ síta, ọ̀hún wọ inú. Ọ̀pá kan fún ògiri kan ni tèmi. Ohun tó bá wà lára ògiri ló máa wà lára ọ̀pá."

Mo ní, "Fèrèsé lẹ wá tún ṣe, ẹ wá ń wọn ògiri."

Ó ní, "Inú ògiri kọ́ ni fèrèsé wà?"

Mo gbà fún un. Ó kúrò níbẹ̀, ó wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí Màmá ti fara ti férémù ilẹ̀kùn, tí wọ́n ń ṣọ́ ọ.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi na ọwọ́ kan òkè yẹn. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá igi ibẹ̀ ṣì le."

Màmá na ọwọ́. "Ó le."

"Ẹ bá mi tẹ ìgúnpá mọ́ ibí yìí."

Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n ṣe yí padà tí wọ́n ń lọ, mo rí i tó fa ọ̀pá kan yọ, ọ̀pá tí kì í ṣe ti ògiri kankan. Ó gbé e ró síbi tí Màmá ti dúró. Ó sàmì sí ibi orí wọn, ó sàmì sí ibi ìgúnpá, ó sàmì sí ibi tí orí ìka wọn dé lókè. Mo rí i kedere. Ohun tó wá burú níbẹ̀ ni pé Màmá náà rí i, nínú dígí tó kọ́ sára ògiri níwájú wọn.

Wọn ò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. "Ògúntóyè."

"Màmá."

"Ọ̀pá ògiri wo nìyẹn?"

"Ti... ti ilẹ̀kùn ni, Màmá."

"Ilẹ̀kùn yẹn ní ìgúnpá?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn kò dé ojú rẹ̀. Ibi tó ti ń wá ohun tó máa sọ ni òjò ti ṣú. Ó ní òun ò lè gbé ọ̀pá lórí alùpùpù nínú òjò, òun á padà wá kó wọn. Bó ṣe sáré lọ nìyẹn.

Màmá kò jẹun lọ́jọ́ náà. Wọ́n jókòó sórí ẹní, wọ́n ń wo ọ̀pá yẹn níbi tí ó fara ti ògiri láàárín àwọn yòókù.

"Ìbídùn, ṣé o rí i?"

"Mo rí i, Màmá."

"Wọ́n ti wọ̀n mí."

"Màmá, bóyá..."

"Má bá mi sọ bóyá. Bí bàbá rẹ̀ ṣe wọn ọkọ mi nìyẹn. Ọkọ mi ti kú kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Èmi ṣì ń mí. Bó bá jẹ́ pé Ògúntóyè ló ya wèrè, kò kàn mí. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá Lucien ló rán an. Ọmọ tó bá lọ sọ pé kí wọ́n kan pósí ìyá òun sílẹ̀, ọmọ yẹn ti ń wo aago. Mi ò ní lè jẹun nílé yìí mọ́. N ó kó ẹrù mi padà sí Tatonnonkon, ibẹ̀ ni wọn ó ti máa gbọ́ ìròyìn mi."

Kí n sọ tèmi, mi ò mọ ohun tí mo lè fi tù wọ́n nínú. Mo mọ Ẹ̀gbọ́n Lucien sí èèyàn dáadáa. Àmọ́ mo ti rí ọ̀pá.

Nígbà tí Ògúntóyè fi máa padà dé láàárọ̀, ọ̀pá Màmá ti wà lábẹ́ ẹní wọn. Àwọn yòókù wà níbi tí ó fi wọ́n sí. Ó yẹ̀ wọ́n wò, ó tún yẹ̀ wọ́n wò.

"Màmá, ọ̀kan ò sí níbí."

"Èwo?"

"Ọ̀kan báyìí ni. Ó rí tẹ́ẹ́rẹ́."

"Tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ta ni?"

"Màmá, ẹ dákun."

"Bóyá ewúrẹ́ ti jẹ ẹ́."

"Ewúrẹ́ ń jẹ ọparun gbígbẹ?"

"Ewúrẹ́ ilé yìí, bó bá rí ohun tí kò yẹ kó wà níbì kan, á jẹ ẹ́."

Ó kó ìyókù, ó jáde. Ó dúró dè mí létí kànga. "Ìyàwó, ẹ bá mi wá ọ̀pá yẹn, ẹ jọ̀ọ́. Láìsí i, iṣẹ́ mi ò lè parí."

"Iṣẹ́ wo?"

"Ẹ bi Ẹ̀gbọ́n Lucien. Ó ní n kò gbọdọ̀ sọ."

Mo fi fóònù mi tí ohùn rẹ̀ máa ń ròkè pe Ẹ̀gbọ́n Lucien. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ wo lẹ gbé fún Ògúntóyè?"

"Fèrèsé ni."

"Fèrèsé nìkan?"

Ó mí kanlẹ̀. "Ìyàwó, ẹ bá mi rọ Màmá kí wọ́n lọ sinmi díẹ̀ lọ́dọ̀ àbúrò wọn ní Tatonnonkon. Kí wọ́n kúrò nílé fúngbà díẹ̀. Ẹ má bi mí ní ohunkóhun."

Mo gbé fóònù kúrò létí, mo yíjú padà. Màmá dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. N kò mọ ìgbà tí wọ́n dé ibẹ̀. Wọ́n ní, "Ó fẹ́ kí n jáde nílé kí wọ́n lè ráyè," wọ́n sì wọ yàrá lọ.

Bí ẹni pé ìyẹn ò tó, Ràzákì tún dé ní ìrọ̀lẹ́. Ràzákì ń fi alùpùpù gbé èrò, ó sì máa ń bá wa gbé pákí láti oko. Bó ṣe sọ àpò pákí kalẹ̀ ló lanu.

"Màmá, ẹ kú ọ̀fọ̀ o. Ta ló fi yín sílẹ̀?"

"Ta ló sọ fún ọ pé ẹnì kan fi wá sílẹ̀?"

"Háà! Ṣebí èmi ni mo lọ bá Ògúntóyè gbé ìdìmú bàbà láti Àjàṣẹ́! Ìdìmú tó ń dán gbinrin, irú èyí tí wọ́n ń kàn mọ́ pósí àwọn ẹni ńlá. Ẹ wo pákó tíìkì tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó fẹ̀, ó gùn. Mo ní ta ló ni ín, ó ní Ẹ̀gbọ́n Lucien, ó ní kí n pa ẹnu mi dé."

Mo ní, "O kúkú pa á dé dáadáa."

Màmá kò bú u. Wọ́n wò ó títí. "Ràzákì, bí ilẹ̀ bá mọ́, gbé máṣìnnì rẹ wá. O máa gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ògúntóyè."

Ilẹ̀ mọ́. Màmá wọ aṣọ tí wọ́n ń wọ lọ sí Mísà ní ìjọ, wọ́n wé gèlè, wọ́n yọ ọ̀pá yẹn lábẹ́ ẹní. Ràzákì wà níwájú, Màmá wà láàárín, èmi wà lẹ́yìn, mo gbé ọ̀pá ró bí ẹni gbé àsíá. Àwọn tí a bá pàdé ń ṣe àmì àgbélébùú. Wọ́n rò pé ìwọ́de ìjọ ni.

Ògúntóyè kò sí níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ohun tó wà níbẹ̀ gùn, ó wà lórí ẹsẹ̀ igi, aṣọ funfun bò ó látòkè délẹ̀. Màmá kò kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n rìn lọ síbẹ̀, wọ́n fa aṣọ náà wálẹ̀.

Àpótí tíìkì ni. Ó pọ́n, ó dán, òórùn òróró ń jáde lára rẹ̀. Ìdìmú bàbà wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Ràzákì ṣe wí. Màmá gba ọ̀pá lọ́wọ́ mi, wọ́n tẹ́ ẹ lé orí àpótí náà. Àmì orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bá òpin rẹ̀ mu.

Ràzákì ṣí fìlà. Èmi di orí mú.

Ògúntóyè yọ láti ẹ̀yìn, gọ́ọ̀mù ló kún ọwọ́ rẹ̀. Ó rí wa, ó rí ọ̀pá. Ó dúró gbagidi.

"Ògúntóyè, ṣí i."

"Màmá, kò tíì..."

"Ṣí i kí n rí ibi tí orí mi máa wà."

Ó pe Ràzákì, àwọn méjèèjì gbé àpótí náà, wọ́n sì yí i dúró ní ìbú sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ti fi dùbúlẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn kékeré kan, ó ṣí èkejì. Ó fa dúrọ́ọ̀ yọ. Pẹpẹ ló wà nínú. Lókè rẹ̀, wọ́n ti gbẹ́ ihò ńlá kan.

Màmá ti apá bọ inú rẹ̀ títí dé ìgúnpá, wọ́n ń fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ pátápátá, bí ìgbà tí wọ́n bá ń ra àgbàdo.

"Kí ni yóò wà níbí?"

"Ìkòkò, Màmá."

"Níbí ńkọ́?"

"Ọmọrogùn àti ṣíbí."

"Ihò yìí ńkọ́?"

"Ibi tí ẹ ó ti máa fọ abọ́. Omi á máa gba abẹ́ rẹ̀ jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ìdáná yín nìyí, Màmá. Bó ṣe máa lọ yí ká yàrá èkùrọ́ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n Lucien ní ẹ ò gbọdọ̀ gbọ́, torí tẹ́ ẹ bá gbọ́ ẹ máa kọ̀."

"Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ká mọ́ ibi pósí, ohun tó máa sọ nìyẹn. Á ní ìkòkò ló fẹ́ kó sí i."

"Màmá! Òkú wo ló ń sùn sórí pẹpẹ?"

"Ìdìmú yẹn ńkọ́? Ìdìmú ọbẹ̀ nìyẹn?"

Ògúntóyè wo ìdìmú náà bí ẹni pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Lucien ní kí n ra èyí tó dára jù. Èyí tí mo mọ̀ pé ó dára jù nìyí. Ọjọ́ gbogbo ni mò ń kàn án, Màmá. Kò wá sí mi lọ́kàn."

Ràzákì bú sẹ́rìn-ín. Màmá yí ojú sí i, ẹ̀rín náà gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu.

"Ọ̀pá ńkọ́? Kí lo fi ìgúnpá mi ṣe?"

"Gíga pẹpẹ ló wà lára rẹ̀. Ojú lásán ni mo fi gbà á ṣe èyí, ọ̀pá ni n ó fi mọ̀ bóyá ó tọ́. Ibi tí ìgúnpá yín bá dé, abẹ́ rẹ̀ díẹ̀ ni ibi tí ẹ ó ti máa rẹ́ ẹ̀fọ́ yẹ kó wà. Ibi tí ìka yín bá dé, n kò gbọdọ̀ gbé abọ́ kọjá ibẹ̀. Orí yín, torí kí ilẹ̀kùn òkè má bàa gbá yín níwájú orí. Mo ti sọ ọ́ tán. Ẹ dúró tì í, ẹ wò ó."

Màmá dúró tì í. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì lé orí pẹpẹ náà. Ó dà bíi pé wọ́n ń rẹ́ ilá, ìka wọn ń lọ, ń bọ̀ lórí igi náà. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo rí ẹ̀yìn wọn tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀. N kò mọ̀ pé wọ́n ga tó bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n ga ju Ògúntóyè lọ.

Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n fa ọwọ́ kúrò kíá bí ẹni tó fọwọ́ kan iná.

"Ó dọ́gba," ni wọ́n wí. "Ìyẹn ò sọ pé òótọ́ lẹ ń sọ. Ìbídùn, pe Lucien. Sọ fún un kó wá ní Sátidé. Kó má ṣàlàyé ohunkóhun fún mi lórí fóònù."

Títí di Sátidé, Màmá kò jẹ ohunkóhun nílé àfi àgbàdo tí wọ́n sun fúnra wọn. Ẹrù wọn wà ní dídì lẹ́nu ọ̀nà. Èmi náà ń wo ẹrù yẹn, mò ń wo ọ̀nà. Mo ti rí pẹpẹ, mo ti rí ihò ìfọbọ́, síbẹ̀ bí mo bá rántí ìdìmú yẹn, pósí á tún padà sí mi lọ́kàn.

Ẹ̀gbọ́n Lucien dé, ó gbé búrẹ́dì àti èso àjàrà lọ́wọ́. Ó dọ̀bálẹ̀. Màmá ò gba búrẹ́dì. Wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n fi ọ̀pá lé itan. Wọ́n ti ránṣẹ́ pe Ògúntóyè, ó dúró létí ilẹ̀kùn bí ẹni tí bàtà ń há mọ́ lẹ́sẹ̀.

"Lucien, ìwọ lo rán an kó wọ̀n mí, kí n má mọ̀?"

"Màmá, mo fẹ́ kó yà yín lẹ́nu ni."

"Ó yà mí lẹ́nu. Mi ò lè sùn."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó rí ẹrù tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ẹ̀rín mì. "Màmá, ẹ foríjì mí. Ẹ kọ̀ nígbà àkọ́kọ́, ẹ tún kọ̀ nígbà kejì. Ẹsẹ̀ yín ń dùn yín, ẹ ò sì gbà. N kò rò pé ẹ lè ro irú nǹkan báyìí sí mi."

"Ìwọ náà ò rò pé ó yẹ kí n mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe sí ilé mi. Jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ṣé wíwọ̀n yẹn kì í ṣe èèyàn ní nǹkan kan?"

"Igi lásán ni, Màmá."

"Ó dáa. Dúró síbẹ̀ yẹn."

Ẹ̀gbọ́n Lucien fara ti férémù ilẹ̀kùn. Màmá dìde, wọ́n gbé ọ̀pá ró sí i, wọ́n fi ọ̀bẹ sàmì sí ibi orí rẹ̀ lára ọ̀pá. Wọ́n wá fi èédú fa ìlà sára igi ilẹ̀kùn. Wọ́n fa ti àwọn fúnra wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ògúntóyè, ó kù ọ́."

Ògúntóyè fà sẹ́yìn. "Èmi kẹ̀? Màmá, èmi ni mo máa ń wọn èèyàn."

"Torí ẹ̀ ni mo ṣe pè ọ́."

"Ẹnikẹ́ni ò wọ̀n mí rí."

Ẹ̀gbọ́n Lucien ní, "Ògúntóyè, ìwọ náà! Dúró kó tán."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò sí nínú iṣẹ́ yìí. Ẹ má dá sí i." Òógùn ń ṣàn lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ atẹ́gùn ń fẹ́.

Màmá sún mọ́ ọn. Ohùn wọn kò ga rárá. "Bí ọ̀pá yìí ò bá ń ṣe èèyàn ní nǹkan kan, wá dúró. Bó bá ń ṣe é, kí ló dé tí o fi wọ̀n mí?"

Ògúntóyè wo ilẹ̀, ó wò mí, ó wo ewúrẹ́ pàápàá. Ó bọ́ bàtà rẹ̀. Ó wá fara ti igi ilẹ̀kùn, ó pa ojú dé, ó ṣe àmì àgbélébùú. Bẹ́ẹ̀ Ògún ni wọ́n ń bọ nílé wọn, mi ò rí i lẹ́nu ọ̀nà ìjọ kankan rí. Màmá fi ọ̀bẹ sàmì sí ọ̀pá. Wọ́n fa ìlà èédú.

"Ó tán," ni Màmá wí. "Gbogbo wa ti dọ́gba."

Wọ́n wá mú kọ́kọ́rọ́ níbi ìbàdí, wọ́n sì fúnra wọn ṣí yàrá èkùrọ́. Òórùn àdín àtijọ́ jáde. Wọ́n na ìka sí ògiri. "Ibí yìí ni kí ẹ lù. Ẹ ò gbọdọ̀ lu ibòmíì. Èmi máa jókòó síbí nígbà tí ẹ bá ń lù ú. Ògúntóyè, yọ ìdìmú yẹn kúrò. N kò ní máa di ìdìmú pósí mú ní àràárọ̀ kí n tó rí iyọ̀ bù. Ìbídùn, tú ẹrù mi."

Mo tú u kíá, kí wọ́n má bàa yí ọkàn padà.

Wọ́n jókòó síbẹ̀ lóòótọ́ títí iṣẹ́ fi parí. Gbogbo ìṣó ni wọ́n wò. Dípò ìdìmú bàbà, Ògúntóyè gbẹ́ ojú ihò kékeré sí iwájú dúrọ́ọ̀ kọ̀ọ̀kan tí ìka lè wọ̀. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ dáná níbẹ̀, ọbẹ̀ ilá la sè. Màmá gbé àdògán eléèédú sórí pẹpẹ, wọ́n dá ọ̀pá yẹn sí wẹ́wẹ́, wọ́n sì fi í dá iná ọbẹ̀. Ògúntóyè dúró tì wá. Kò jẹ́ kí n fẹ́ iná náà, òun ló fẹ́ ẹ. Ìgbà tó rí i pé ó ti di eérú tán pátápátá ló tó mí.

Ẹ̀gbọ́n Lucien ní kí wọ́n kun igi ilẹ̀kùn yẹn ní ọ̀dà, torí ìlà èédú. Màmá kọ̀. Ó wà níbẹ̀ títí di òní, ìlà mẹ́ta. Màmá ń dáná lóòró báyìí, wọ́n sì ṣì ń gbọ́ òórùn omi. Wọn kì í fa dúrọ́ọ̀ yọ láìkọ́kọ́ kàn án kó-kó. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń kàn án fún. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀, ṣùgbọ́n kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Ní àràárọ̀, bí Ògúntóyè bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó gbọ́dọ̀ yà.

"Màmá, ṣé ẹ jí dáadáa?"

"Mo jí. Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo kàn ń béèrè ni."

"Ìwọ ńkọ́? Báwo lara rẹ ṣe rí?"

"Ó le koko, Màmá."

"Jẹ́ kó máa le bẹ́ẹ̀."

Tó bá ti lọ, Màmá á ní, "Ó ń ṣọ́ mi. Mo ń ṣọ́ òun náà."

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá yìí, ikọ́ mú Ògúntóyè, kò yà fún ọjọ́ díẹ̀. Màmá kò lè jókòó kalẹ̀. Wọ́n se ọbẹ̀ ata olómi, wọ́n dà á sínú abọ́ ọlọ́mọrí, wọ́n ní, "Gbé e lọ fún un. Wò ó dáadáa kí o wá sọ fún mi. Má sọ pé ọkàn mi kò balẹ̀."

Mo bá a lórí ibùsùn, ó ń wúkọ́. Ó gba abọ́, ó dúpẹ́. Àmọ́ kò jẹ ẹ́ kíá. Ó ṣí ọmọrí, ó fi imú gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó ti ṣíbí bọ ìsàlẹ̀ pátápátá, ó rò ó wá sókè, ó wo ohun tó wà níbẹ̀.

Mo ní, "Ọ̀gá Ògúntóyè, ta ló kọ́ yín nírú èyí?"

Ó wò mí. "Ìyàwó, Màmá ti mọ gíga mi."

Ó wá jẹ ẹ́ tán, ó lá ṣíbí.